Ọdún Tí Àbúrò Mi Fi Ilé Ìwé Sílẹ̀

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi rán owó mọ́ inú síkẹ́ẹ̀tì mi láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n lè lọ san owó ìwọlé ní yunifásítì tó wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ọ̀yọ́ là ń gbé. Aránṣọ ni ìyá mi. Àìsàn tó pa bàbá mi ti sọ ọ́ di ajigbèsè àwọn gbómú-lé-lántà, àwọn ayánilówó tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà èèyàn títí yóò fi san. Ó máa ń wí fún wa pé, ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Síbẹ̀, owó tó yẹ kó san fún wọn ló kó fún mi. Èmi tí mo rò pé ọpọlọ mi nìkan ló gbé mi wọ yunifásítì, ṣe ni mò ń yan bí ìyàwó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ni fóònù mi dún. Àbúrò mi obìnrin ni.

“Àǹtí mi, wọ́n ti dé o! Wọ́n láwọn máa gbé mọ́ṣìnnì. Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀.”

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé o ti san án?”

“Rárá, mà. Ṣé kí n máa kówó bọ̀?”

“Tóo bá kó o padà, má wọlé mi. Lọ san án!”

Àwọn ọlọ́kadà ń bi mí níbi tí mò ń lọ, mo gun ọ̀kan. Mo lọ san án. Wọ́n gbé mọ́ṣìnnì lọ.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, àbúrò mi, tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ dáadáa, fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń bá onídìrí dirun gbowó, kí oúnjẹ lè wà nílé. Ìyá mi ní ọdún kan péré ni. Ọdún ọ̀hún ò parí mọ́.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ̀yọ́, mo ní kó padà sílé ìwé, pé màá san gbogbo owó rẹ̀. Kò dáwọ́ irun tó ń dì dúró.

“Àǹtí mi, ẹ ṣé. Tọmọ mi ni kẹ́ ẹ bá mi san.”

Mò ń san án. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀.