Bàbá Caleb àti Òkúta Méjìlá

Ọjọ́ tí Bàbá Caleb so ewúrẹ́ mọ́ òkúta kejìlá ní Ìta Olókùúta, gbogbo ìlú Ọ̀kà ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojúde àtijọ́ náà. Òkúta méjìlá ló wà níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìpàdé, ìdílé tó bá jókòó sórí òkúta tirẹ̀ ló lóhùn. Èyí tí òkúta rẹ̀ bá ṣófo, wọ́n á kà á sí pé ó ti fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìdílé márùn-ún péré ló wá. Àwọn méje yòókù kò kú run. Wọ́n wà ní Èkó àti Àbújá, wọ́n ní ẹgbẹ́ lórí Wátsáàpù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ilé wa ò ní bàjẹ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ti Ìkàrẹ́ wá wo ojúde náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá Caleb fi wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àwọn òkúta tó ṣófo, ó ń sọ orúkọ ìdílé sí wọn létí. Ó ku òkúta kan. Ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ọn.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ na ìka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Al-Ameen. "Ìwọ, ta ni bàbá ńlá rẹ?"

Al-Ameen wo ojú Bàbá Caleb. "Ẹ má bínú sà, Bàbá ò tíì sọ ọ́ dé ibẹ̀."

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà yíjú sí ewúrẹ́. "Èyí ńkọ́? Ọmọ onílùú lòun náà?"

"Ọ̀kà ni wọ́n bí i sí," ni Bàbá Caleb wí. "Ìwọ ńkọ́?"

Wọ́n sún ìpàdé sí ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Caleb fúnra rẹ̀ kò ní òkúta níbẹ̀. Ìlú Afin ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ oko. Àádọ́ta ọdún ló fi gbá ojúde náà, orí àpótí kan létí ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí. Ẹni tí kò lóhùn ló ń tọ́jú ilé ọ̀rọ̀ fún àwọn tó lóhùn.

Bísí ìyàwó rẹ̀, ìyá Naomi ọmọ wọn, máa ń bi í pé, "Bàbá Naomi, kí ló kàn yín nínú òkúta olókùúta?"

"Lọ́jọ́ tí a dé láti Afin, ibẹ̀ la ti sinmi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò lé wa."

"Ẹnikẹ́ni ò sì fún yín lómi."

"Ta ló sọ fún ọ pé òùngbẹ ń gbẹ wá?"

Àlejò tó bá fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méje kan dé lọ́jọ́ kan, Safinat, ọ̀kan nínú wọn, sì ń bá a dúnàádúrà.

"Bàbá, fọ́tò kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbá a."

"Ẹni mélòó ló máa wà nínú fọ́tò náà?"

"Àwa méjèèje."

"Ìgbálẹ̀ méje nìyẹn."

Ìgbà tí ẹni kẹta parí, ojúde ti mọ́ tónítóní. Àwọn mẹ́rin tó kù gbá ẹ̀yìnkùlé Bàbá Caleb.

Ìtàn tó ń sọ fún àlejò kò dúró lójú kan. Bí àlejò bá ti Ìkàrẹ́ wá, Ìkàrẹ́ ló gba Ọ̀kà lọ́wọ́ ogun. Bó bá ti ìlú Ugbe wá, Ugbe ni. Lọ́jọ́ kan àlejò ìlú méjèèjì pàdé lójú rẹ̀. Kò mira. Ó ní Ìkàrẹ́ jà láàárọ̀, Ugbe jà nírọ̀lẹ́.

"Ọ̀kà ńkọ́, Bàbá?"

"Ta ni ẹ rò pé ó ń se oúnjẹ yín?"

Bàbá Caleb kú nígbà tí ìpàdé kejì ku oṣù kan. Màmá Déwùnmí, olórí ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tó kù nílé, fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wátsáàpù: "Ọmọ Afin ló ń bá yín ṣọ́ ojúde yín. Ó ti sùn. Ẹ wá jókòó, àbí kí ẹ yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí."

Wọ́n wá. Méjì nínú wọn kò mọ èwo ni òkúta tiwọn, àwọn tó wà nílé ló fi hàn wọ́n. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "A ò gbà" ni gbogbo wọn wí.

Naomi, ọmọ Bàbá Caleb, dúró sẹ́yìn.

"Naomi, kí lò ń dúró sí?" ni Màmá Déwùnmí wí.

"Màmá, a ò ní òkúta níbí."

"Ta ló bi ọ́ nípa òkúta? Láti àárọ̀ lo ti dúró."

Màmá arúgbó náà sún díẹ̀ lórí òkúta rẹ̀, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo. Naomi jókòó, èjìká rẹ̀ kan ti Màmá.

Akọ̀wé ìpàdé gbé bírò sókè. Ó béèrè bóyá òun lè kọ orúkọ ẹni méjì sórí òkúta kan ṣoṣo.

"Ṣé o ò ríran ni?" ni Màmá Déwùnmí wí. "Kọ ohun tí o rí."