Abíọ́nà, Atúfọ̀ Turffontein

Bí ẹnì kan bá kú nílé, ní Nàìjíríà, tí èèyàn rẹ̀ sì ń gbé àdúgbò Turffontein, lápá gúúsù Áfíríkà, Abíọ́nà aránṣọ ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n tó pe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi fóònù túfọ̀ fún ọmọ èèyàn? Kéèyàn wà lójú títì, kó gbọ́ pé bàbá òun ti lọ, kí mọ́tò wá gbá òun náà? Abíọ́nà ò jẹ́ gbà.

Ó ní bó ṣe máa ń ṣe é. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń fún onítọ̀hún, nítorí ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má fẹnu kan nǹkan fọ́jọ́ mẹ́ta. Á dọ́gbọ́n gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí aláròká kan má baà ṣíwájú òun sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ará àdúgbò Berea, tó ń gbé fúláàtì òkè, á mú un sọ̀kalẹ̀ ná, torí fèrèsé, kó má baà bẹ́ sílẹ̀. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ gan-an, kì í sọ pé ara wọn ò yá. Á pe orúkọ òkú, á ní ó ti kú, á sì di onítọ̀hún mú. Ó máa ń sọ pé irọ́ téèyàn bá fi bò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò pa onítọ̀hún lẹ́kún.

Tawakalit onídìrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló máa ń tẹ̀ lé e lọ. Ó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Abíọ́nà ń ru, pé kó máa rìn, Tawakalit náà ló ń bá a rìn ní Sátidé nínú igbó ọba Klipriviersberg, níbi tí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni pé kò sí ìlú nítòsí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lóṣù kẹwàá ọdún 2014, Ọlálérè, àbúrò Abíọ́nà, pe Tawakalit láti Iléṣà. Ìyá wọn ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní ẹni tó ń bá gbogbo ayé túfọ̀, ta ni yóò tú tirẹ̀ fún un? Ó ku Tawakalit.

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, àwọn méjèèjì gun òkè inú igbó ọba náà. Abíọ́nà ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti fojú kan ìyá rẹ̀ nítorí ìwé ìgbélùú, ìwé ọ̀hún sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kérésì yìí, ilé ni. Ó ń rán bùbá kan lọ́wọ́ fún màmá. Ó bi Tawakalit bóyá kóun fi aṣọ tẹ́ apá bùbá náà nínú, torí ọyẹ́ máa ń dà wọ́n láàmú. Tawakalit ní kí ó tẹ́ ẹ. Ẹ gbà mí, kí ni ì bá tún wí? Ó ń rò ó pé bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí bá ru lórí òkè, ta ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀?

Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta pẹrẹsẹ tí wọ́n ti máa ń sinmi, Tawakalit yọ búrẹ́dì àti ẹyin díndín jáde. Abíọ́nà ní ebi ò tíì pa òun. Tawakalit bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, títí ó fi gbà á. Tawakalit wá ní kí Abíọ́nà yá òun ní fóònù rẹ̀, òun fẹ́ ya fọ́tò, ó sì jù ú sínú báàgì ara rẹ̀ láìya nǹkan kan.

Abíọ́nà wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀, ó wo báàgì. Ó wo koríko tó yí wọn ká: kò sí títì, kò sí fèrèsé.

"Tawa," ó ní, "èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Àǹtí mi..." Tawakalit bú sẹ́kún.

"Má tíì sọ ọ́. Jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán. Tí mo bá ṣì ń jẹun, kò tíì sẹ́ni tó kú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, òun tí kì í pẹ́ nídìí oúnjẹ. Tawakalit ò kán an lójú. Ó jẹ èèpo búrẹ́dì tó máa ń ṣẹ́ dànù tẹ́lẹ̀, ó ṣa èérún tó bọ́ sórí itan rẹ̀ sẹ́nu. Nígbà tí kò sí ohun tí yóò jẹ mọ́, ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó lè rí òun dì mú.

"Ó yá," ó ní. "Pe orúkọ wọn."