Ìléròrò Létè Ìyá Àgbà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Torborg Hauge fi pín lẹ́tà ní erékùṣù wa. Kò sí ilé tí kò mọ orúkọ ajá wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó fi ìborùn wé ẹnu dé imú lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, má wulẹ̀ bi í léèrè. Ìléròrò ètè rẹ̀ ti tún dé nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà àkọ́kọ́ tó yọ sí i. Á kọ́kọ́ dà bíi pé èèrà ń rìn létí ètè, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì á wú, á gba omi sínú, á bẹ́, á wá gbẹ di èèpá. Òtútù lè fà á, àárẹ̀ lè fà á, oòrùn tó ń ta lórí yìnyín náà lè fà á. Ìyá rẹ̀ ní ìbàjẹ́ ẹnu ni, irọ́ tó ń pa ló fà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹja ló fẹnu kò. Torborg fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ó fi epo ẹ̀dọ̀ ẹja pa á, ó tiẹ̀ fi ọtí líle pa á nígbà kan, ẹkún ló fi sùn. Ó ti bímọ kí dókítà kan lódìkejì omi tó kọ oògùn gidi fún un, tó sì sọ fún un pé ọjọ́ tí èèrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gan-an ni kó lò ó. Tó bá dúró dìgbà tó wú, ó ti pẹ́ jù.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, Ingvild, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbé ọmọ tuntun wá sọ́dọ̀ rẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun níbi iṣẹ́ ẹja. Eilif lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni nígbà náà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni ìjì bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ò sì sọdá mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Torborg gbé ọmọ lé itan nídìí kọfí. Ó ti ń tẹrí ba láti fẹnu kò ó níwájú orí nígbà tí nǹkan rìn ín létè. Ó dúró sójú kan. Ó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn àgùntàn, ilé ìwẹ̀ ló sì gbà lọ. Páálí oògùn rẹ̀ ṣófo. Ìpara rẹ̀, ó ti fún un gbẹ látọjọ́ pípẹ́.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ó ti kà á rí nínú ìwé inú páálí oògùn pé ohun tó ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu lásán yìí lè wọ ọmọ ìkókó lọ́pọlọ, ó sì lè pa á. Ó padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé.

"Ingvild, ìléròrò ti fẹ́ yọ sí mi lẹ́nu. Má jẹ̀ẹ́ kí n sún mọ́ yín."

"Ṣé ẹ ti fẹnu kò ó?"

"Rárá."

"Ẹ rò ó dáadáa, Màmi. Lánàá ńkọ́?"

"Lánàá, mo fẹnu kò ó lẹ́sẹ̀. Lórí ìbọ̀sẹ̀ ni."

Ingvild pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì náà ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. "Mà, ẹ wá ìpara pa á báyìí-báyìí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má bẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lo kọ́ọ̀pù tàbí tówẹ̀lì. Títí èèpá á fi bọ́ tí ara á fi jinná, ẹ má fẹnu ko ọmọ yẹn." Ó wá bá Ingvild sọ̀rọ̀: "Tí ara ẹ̀ bá gbóná, tí kò bá mu ọmú, tàbí tí nǹkan bá yọ sí i lára, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀, hẹlikópítà á gbéra."

Afẹ́fẹ́ ń súfèé lójú fèrèsé bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sí hẹlikópítà tó lè balẹ̀ nínú rẹ̀.

Èmi ni mo ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà níbí. Nígbà tí Ingvild pè mí, ìpara kan ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wa. Mo mú un lọ, Osvald apẹja sì tẹ̀ lé mi. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé òkè, ó ń pariwo.

"Ìyá Ingvild, ta lo lọ fẹnu kò tá ò mọ̀?"

"Kì í ṣe ìwọ. Òórùn ẹja ẹ ò lè jẹ́ kéèyàn sún mọ́ ẹ."

Torborg rẹ́rìn-ín lókè, ó ti fèrèsé. Láti ìgbà yẹn, yàrá òkè ni Torborg wà nínú ilé ara rẹ̀. Ingvild á gbé ẹja àti ọ̀dùnkún sẹ́nu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ á ké nísàlẹ̀, Torborg á dìde, á débi ilẹ̀kùn, á padà. Ó ń fetí sílẹ̀ bóyá ọmọ ń mu ọmú. Tí ilé bá dákẹ́ jù, ẹ̀rù á bà á ju ìgbà tó ń ké lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Ingvild ń wo bí ara ọmọ ṣe gbóná sí, tó sì ń ké sí Torborg láti ìsàlẹ̀: "Ó dáa."

Lọ́jọ́ kẹta, Ingvild ò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

"Màmi, ṣé torí èyí lẹ ò fi ń fẹnu kò mí nígbà tí mo wà ní kékeré?"

Torborg sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Mi ò fẹ́ kó ràn ẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó léwu jù àtìgbà tó rọlẹ̀. Mo kúkú pa gbogbo ẹ̀ tì."

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni."

Torborg jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ingvild náà ò lọ. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Lọ́jọ́ kẹfà òkun rọlẹ̀, ọkọ̀ sì dé. Torí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ìpara, ìléròrò náà ò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ, àmọ́ èèpá ṣì wà níbẹ̀. Ingvild sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Torborg ò sin wọ́n dé èbúté. Ojú fèrèsé ló ti wò wọ́n títí wọ́n fi yà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà. Dókítà kọ oògùn tuntun fún Torborg, kó máa wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà ọdún Àjíǹde ó sọdá lọ kí wọn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wo dígí nínú ọkọ̀, ètè òun sì mọ́ tónítóní. Ingvild gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, Màmi." Torborg tẹrí ba, ó kù díẹ̀, ó dúró. Ó mọ̀ pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ò gbà.

"Kò sí ìkánjú," Ingvild wí, ó sì lọ gbé omi kọfí kaná.