Yanrìn Inú Ìkòkò Síkóònù

Ofúnù ńlá kan wà ní kíṣìnnì mi ní Jakande, n'Ísọlọ̀, tó jẹ́ pé àwo àti ike òfìfo ni mo ń kó sínú rẹ̀. Ìyá mi ni mo rà á fún kó tó lọ sọ́run, kò sì fi ṣe síkóònù rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Síkóònù ni búrẹ́dì kékeré olóbìírípo tí wọ́n ń fi èso gbígbẹ sí nínú. Ìyá mi kọ́ ọ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún òyìnbó kan n'Íkẹjà. Òyìnbó ní ofúnù tí wọ́n fi ń yan án, ó sì ní àjàrà gbígbẹ. Ìyá mi kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì nígbà tó délé ọkọ, ní yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Ṣógúnlé. Dàbínò tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ààwẹ̀ ló ń gé wẹ́wẹ́ dípò àjàrà. Ní ti ofúnù, ìkòkò irin ńlá kan ló fi rọ́pò rẹ̀. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ó dojú agolo mẹ́ta dé lórí yanrìn, ó gbé páànù síkóònù lé agolo. Èédú pupa ń jó lábẹ́ ìkòkò, òmíràn ń jó lórí ọmọrí.

Àárọ̀ Sátidé la máa ń ṣe é. Ó máa ń fi orí ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi rí bíi gààrí, á wá da mílíìkì tó ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí lé e. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tagbáratagbára, á ní, "Ẹ̀bà kọ́ lò ń tẹ̀ o. Fọwọ́ jẹ́jẹ́." Agolo tòmátì la fi ń gé e. Tí òórùn rẹ̀ bá ti jáde, ará ilé tí kò kí wa láti ọjọ́ Mọ́ńdè á wá tọrọ ìṣáná. Mo bi í léèrè nígbà kan ìdí tí kì í fi í pààrọ̀ yanrìn náà, tó ti dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Ó ní yanrìn náà ti dàgbà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e lọ sídìí kànga mọ́, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Báàgì aṣọ kan ló gbé wá, àti ìkòkò náà pẹ̀lú yanrìn inú rẹ̀, tó fi gèlè dì lẹ́nu. Èmi náà ní ìwà kan tí mi ò lè fi pa mọ́: bí mo bá rí ìdọ̀tí, ara mi kì í gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó ṣe jáde lọ kírun báyìí, mo da yanrìn náà sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, mo fi kànìnkànìn onírin ha ìkòkò títí ó fi ń dán. Mo tún dúró kó wá yìn mí. Aláṣejù ní í tẹ́.

Ó dé, ó wo inú ìkòkò fún ìgbà díẹ̀. "O ṣé," ló wí. "Ó mọ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì kó tó wọlé. "Ṣé kí n wọlé?" Nílé ọmọ tó bí. Báàgì aṣọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tú u. Ó ń béèrè bóyá wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní yàrá rẹ̀ ní Ṣógúnlé. Ẹ̀rù bà mí pé ìyá mi fẹ́ padà lọ síbi tí kò ti lè pọnmi mu.

Mo ra ofúnù, mo rò pé ìyẹn ni yóò dá a dúró. Sátidé mẹ́ta ni mo fi dá síkóònù ṣe nínú rẹ̀. Ó ń jẹ ààbọ̀ ẹyọ kan, ó ń ní ó dùn. Ìyá mi tí kì í yin oúnjẹ mi rí! Inú bí mi lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ilé ẹ ni." Ó ti àwo síkóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá ẹ ló ru yanrìn yẹn wá fún mi, ọdún tí mo bí ẹ. Ó ti jóná débi pé kì í rùn sí oúnjẹ mọ́."

Bàbá mi ti kú tipẹ́. Mo lọ wo gọ́tà, òjò ti gbé e lọ. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò purọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì Àgọ́ Palace, mo tọrọ yanrìn korobá kan. Wọ́n ní ṣé ilé ni mò ń kọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a, mo jọ̀ ọ́. Ní Sátidé, mo da èédú sídìí ìkòkò ní fàráńdà ẹ̀yìn kíṣìnnì, mo sì gbé síkóònù sínú rẹ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Sálúbàtà ni mo gbọ́ nínú kíṣìnnì.

"Kúrò níbẹ̀," ìyá mi wí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Iná ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù. O fẹ́ jó o mọ́ mi lọ́wọ́."

Síkóònù ọjọ́ náà ń run erùpẹ̀, kò ṣeé gbé fún àlejò. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò kankan nílé wa lọ́jọ́ náà.