Àpò Ẹ̀lùbọ́ Tí Wọ́n Rán Lẹ́nu Pa

Ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fẹ́ lọ sí London fúngbà àkọ́kọ́, torí inú ṣì ń bí mi.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Iléeṣẹ́ oníke kan ní Oregun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni mò ń lọ, kò sí ẹbí tó máa pàdé mi lọ́hùn-ún, nítorí náà mo múra dáadáa. Mo ṣe fọ́tòkópì páspọ́ọ̀tù mi mẹ́ta: ọ̀kan nínú báàgì, ọ̀kan lápò ṣòkòtò, ọ̀kan lọ́wọ́ màmá mi. Kódà, orí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fúláwà nílé búrẹ́dì kan ní Agége ni mo ti wọn báàgì mi. Kílò mọ́kàndínlógún géérégé. Ta ló tún lè múra jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ó ku ọ̀la kí n lọ ni Àǹtí Bísí, ọ̀rẹ́ màmá mi, gbé àpò ẹ̀lùbọ́ kan dé, tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu ẹ̀ pa. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún ẹnì kan ní London. Màmá mi ti gbà á kí n tó lanu.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ká tú u wò.

Àǹtí ní, “Kí lo fẹ́ tú wò? Ọmọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́sí ló wá di kọ́sítọ́ọ̀mù lónìí?”

Màmá mi ní kí n má ba àwọn lórúkọ jẹ́, kí n dọ̀bálẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń béèrè ní pápákọ̀ òfúrufú bóyá ìwọ fúnra ẹ lo di ẹrù ẹ? Kí ni kí n wí? Pé àgbà ló dì í, ojú ń tì mí láti tú u? Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé òwú náà.

Nínú ẹ̀lùbọ́ ni mo ti fa náílọ́ọ̀nù dúdú kan yọ. Oògùn oníhóró ló kún inú ẹ̀, kò lórúkọ, kò ní páálí.

Àǹtí ní, “Oògùn ẹ̀fọ́rí ni ẹni tó ni ín pè é fún mi.” Obìnrin kan tó máa ń wá rajà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Opebi ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun fi àpò náà ránṣẹ́. Wọn ò tiẹ̀ mọ ilé ẹ̀!

Ta ni ì bá wẹ̀wọ̀n? Èmi oní-fọ́tòkópì mẹ́ta.

Ẹ wá gbọ́ o: kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Màmá mi ṣì ní kí n tọrọ àforíjì, pé mo gé ẹrù àgbà níṣojú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo dìde, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà lé Àǹtí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ dá rìnrìn àjò, ẹ má gbé ẹrù tí ẹ ò tú wò. Ilé ni kẹ́ ẹ ti tú u, níṣojú ẹni tó gbé e wá. Tó bá bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́, kó máa gbé ẹrù ẹ̀ lọ.

Ta ni wọ́n ti gbé irú ẹ̀ wá bá nínú yín? Kí lẹ sọ fún wọn?