Eré Tí Mo Sá Lórí Òkè Ìpáò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni mo gbé báàgì kọ́ èjìká, ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá. Bàtà eré wà nínú ẹ̀, ṣòkòtò péńpé wà nínú ẹ̀, agbádá kan tí Màmá ká fún mi náà sì wà níbẹ̀, kí n má baà dé ọ̀dọ̀ àna bí ọmọ ìgboro. Nǹkan méjì ni mo bá lọ sí Ìpáò-Èkìtì. Èkíní ni kí bàbá àti ìyá Bọ́sẹ̀dé, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, rí mi sójú kí ẹbí mi tó lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èkejì ni òkè. Àwa mélòó kan la máa ń jọ sáré láràárọ̀ n'Íbàdàn, a sì ti ń wá ibi tí ènìyàn ti lè sáré gun òkè láìsí mọ́tò tí yóò fun fèrè sí i létí. Bọ́sẹ̀dé ní ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé àwọn ń gun òkè lọ ni. Mo ní kí n lọ wò ó wá fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti Ìbàdàn dé Ìkọ̀lé. Títí a fi kọjá Iléṣà, oorun ni mo ń sùn. Ní ìhà Ẹ̀fọ̀n ni mo lajú tí mo rí i pé òkè ti yí wa ká, igi bò wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé orí, ọ̀nà sì ń wọ́ kiri láàárín wọn. Mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú dígí.

"Ṣé ẹ ò rí òkè rí ni?"

"A ní òkè n'Íbàdàn," mo ní.

"Èyí tí ẹ kọ́lé bò mọ́lẹ̀ tán yẹn?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

A kọjá Ọ̀yẹ́, a dé Ìkọ̀lé, mo gun ọ̀kadà. "Ulé ta lẹ ń lọ ní Ìpáò?" ni ọlọ́kadà bi mí. Ulé ni ilé lẹ́nu wọn, uṣẹ́ ni iṣẹ́. Ọ̀nà náà dára níbì kan, ó bàjẹ́ níbòmíràn, tí a bá sì dé ibi tó bàjẹ́, ọlọ́kadà á ní kí n sọ̀kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn. Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ tí mo fi rìn.

Bọ́sẹ̀dé ti ṣáájú mi délé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ̀, àgbà àgbẹ̀ kòkó tó tún jẹ́ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Pé ọmọ ìmàle ni mí kò dí wọn lọ́wọ́. Àbúrò tiwọn gan-an fẹ́ mùsùlùmí. Ìyá Bọ́sẹ̀dé gbé iyán kalẹ̀, funfun bí òwú, wọ́n ní kí n jẹ uyán kí n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bàbá ń fi ẹ̀rín bi mí nípa ilé wa, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Mo ní Ìsẹ́yìn ni baba wa ti wá, bàbá mi ti di olóògbé, n'Íbàdàn ni èmi àti Màmá ń gbé.

"Bàbá ẹ kò ní àbúrò ọkùnrin?"

"Ó ní ọ̀kan, sà. Lásún. Ó kú sí Àbíjà, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, nígbà tí mo wà ní kékeré." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi láti kékeré ni mo sọ ọ́ fún wọn.

Ìró odó ló jí mi lọ́jọ́ kejì. Iyán láàárọ̀! Àwa tí ẹ̀kọ àti àkàrà tó fún, ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo bẹ Màmá Bọ́sẹ̀dé pé n ó jẹ ẹ́ tí mo bá dé, nítorí ẹni tó gbé iyán síkùn kò lè sáré gun òkè. Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, òkè wà ní Ìpáò. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, kòkó wà lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ wà lósì, ìrì sì sẹ̀ sórí koríko débi pé bàtà mi tutù kí n tó sá jìnnà. Nígbà tó yá, igi tán, àpáta bẹ̀rẹ̀. Mo gùn ún dé orí, mo wẹ̀yìn, òkè lórí òkè ni mo rí títí lọ sí ìhà Kwárà, kùrukùru wà láàárín wọn. Omi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà nítòsí wa, tí a sì ń sáré yí gbàgede ilé ìwé ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Àwa tí a ń sáré òkè kì í gùn ún lẹ́ẹ̀kan. A ó sáré dé òkè, a ó fọwọ́ kan òkúta, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó tún gùn ún. Ohun tó ń fún ẹsẹ̀ lókun nìyẹn. Bí mo sì ṣe ń sá a ni mo ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tí mo so mọ́ apá, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí: "Ẹ ṣọ́ra níbí, ó ń yọ̀. Ẹ yà sọ́tùn-ún, gbogbo yín." Tọkọtaya kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń la kòkó. Mo rí i pé ẹnu wọn ń lọ, ṣùgbọ́n orin ló wà létí mi. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo juwọ́, mo tún kọrí sókè. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀ padà, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi kòkó sílẹ̀ láìlà tán.

Mo délé pẹ̀lú ayọ̀. Obìnrin tó ń la kòkó lẹ́ẹ̀kan ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Bọ́sẹ̀dé, Ìyá Délé ni wọ́n ń pè é. Bí ó ṣe rí mi, ó sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn.

"Òun nì yẹn," ó ní. "Mo kí i 'ẹ kú uṣẹ́' títí, kò dáhùn. Ó ń bá àwọn tí a ò rí sọ̀rọ̀. Ó lọ fọwọ́ kan òkúta, ó sá wálẹ̀, ó tún lọ fọwọ́ kan án. Ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Mo wò títí, n ò rí nǹkan."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

"Eré ìdárayá ni, Màmá," ni Bọ́sẹ̀dé ń sọ. "Ṣé ẹ rántí pé mo ti sọ fún yín?"

"O sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ ní. "O ò sọ pé òkúta ni yóò máa bá ṣe é."

Mo gbé fóònù, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Ìyá Délé gbọ́ "Ẹ yà sọ́tùn-ún", ó pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín pa á, ó ní kí n má bínú. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ pe ènìyàn lórí fóònù lẹ́yìn ilé kí n tó dé.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fi ọmọ fúnni láìwádìí. Wọ́n á bèèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n á bèèrè wárápá, wọ́n á bèèrè wèrè. Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n jọ ṣòwò kòkó láyé àtijọ́. Òun ni wọ́n pè. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n rọra jókòó.

"Tájú, ọ̀rẹ́ mi mọ ulé yín dáadáa. Ó ní Lásún kò dé Àbíjà rí. Ó ní orí rẹ̀ ló dàrú, bàbá ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Kò gbọ́ pé ó kú rí."

Mo ní irọ́ ni. Mo tún un sọ. Gbogbo ọdún iléyá ni a máa ń ṣàdúrà fún òkú wa, a sì máa ń dárúkọ Lásún mọ́ wọn. Èmi gan-an ti ṣe àmín sí i láìmọye ìgbà.

"O sọ fún mi pé ó ti kú," ni Bọ́sẹ̀dé sọ jẹ́jẹ́.

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn."

Bàbá gbà mí gbọ́, mo rí i lójú wọn. Ìyẹn kò sì mú kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. "Kì í ṣe àìsàn ni mo ń bẹ̀rù," wọ́n ní. "Àìsàn wà ní ulé gbogbo ènìyàn. Ulé tó lè pe alààyè ní òkú ni mo ń bẹ̀rù. Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn lọ́dọ̀ yín, kí lẹ ó wá sọ fún èmi? Lọ bi ìyá ẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o wá sọ fún mi."

N kò jẹ iyán náà. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rí láàárín Ìkọ̀lé sí Ìbàdàn nígbà tí mo ń padà, n kò lè sọ ọ́. Mo lọ wádìí ọ̀nà òkè, ará Ìpáò ló bá mi wádìí ilé tí wọ́n bí mi sí, wọ́n sì rí ohun tí èmi kò rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn, ó sì dùn mí.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. N kò jókòó. Mo ní, "Màmá, níbo ni Lásún àbúrò Bàbá wà?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọn kò bi mí pé ta ló sọ fún mi.

"Ó wà níbi tí bàbá ẹ gbé e sí. Àwọn àbúrò bàbá ẹ obìnrin méjèèjì kò tíì lọ́kọ nígbà náà. Ta ni yóò wádìí dé ilé wa tí yóò tún padà wá? La bá ní ó lọ sí Àbíjà. Nígbà tó yá, a ní ó kú síbẹ̀."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti yá, ó ti pẹ́. Àwọn ilé ìtọ́jú náà ránṣẹ́ sí bàbá ẹ kó tó kú pé kí a wá mú un. Ó ń bá wọn ṣoko níbẹ̀." Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Ṣùgbọ́n a ti ṣe fìdáù rẹ̀, Tájú. A ti jẹ sàárà rẹ̀. Kí la fẹ́ sọ fún àdúgbò pé ó ń wọlé bọ̀?"

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo pe bàbá Bọ́sẹ̀dé níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ìkankan pamọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun ni kó ṣáájú yín wọlé. Bàbá ẹ kò sí mọ́, òun ni bàbá ẹ. Bí kò bá sí láàárín yín, ẹ má wá."

Mo na fóònù sí Màmá kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá fúnra wọn. Màmá gbà á. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà, bí ẹni pé àna wọn wà níwájú wọn.

"Lásún a máa tijú, sà," ni wọ́n sọ. "Ẹ bá wa sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má máa wò ó."