Ọjọ́ Tí Mo Yọ Ràfíátù Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí mo yọ orúkọ Ràfíátù, ọmọ kíláàsì mi, kúrò nínú kọ̀ǹpútà kò lè kúrò lọ́kàn mi. Tíṣà ni mí l'Ọ́fà nígbà náà, Alhaji kan sì ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fi ń kọ́ fọ́múlà, àṣẹ ìṣirò tí à ń tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bí a ṣe ń ṣírò lójú pátákó ni mo ṣe é: mo to máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú fọ́múlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó rò wọ́n pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ láti Ìjàgbó pé ibà ti pa Ràfíátù. Ẹkún ni mo sun dé ibi ẹ̀kọ́.

Alhaji ní, "Ẹ kú àfẹ́kù, Tíṣà. Ẹ yọ ìlà orúkọ rẹ̀ kúrò."

Mo yọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀, àròpọ̀ gbogbo kíláàsì parẹ́, ERR, ìyẹn àṣìṣe, ló hàn níbẹ̀.

"Kí ni mo bà jẹ́, Alhaji?"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Fọ́múlà yín ló ń wá máàkì ọmọ náà, kò rí i mọ́."

Mo tún bú sẹ́kún. Alhaji rọra tẹ fọ́múlà mìíràn tó kúrú ju tèmi lọ, èyí tó ń ro gbogbo máàkì tó bá ṣẹ́ kù pọ̀. Àròpọ̀ jáde, ó pé.

Fọ́múlà yẹn ni mò ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n n kò tíì dárí jì í pé ó pé láìsí Ràfíátù.